Ìyá Olóǹtẹ̀ àti Ojú Ewé Kọkànlélógójì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Ìyá Olóǹtẹ̀ jẹ́, ilé ìdáná rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Iyọ̀ wà nínú ìgò tí a kọ "1" sí lára, ata gígún wà nínú "2", ṣúgà wà nínú "3". Bí ẹnikẹ́ni bá da ṣúgà sínú ìgò kejì, ariwo tí yóò ta nínú ilé náà lọ́jọ́ náà kò ní kéré. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń sọ pé ọjọ́ tí oorun bá gbé òun lọ lórí àga, òun yóò jí bá nọ́ńbà níwájú orí òun.

Ìyàwó rẹ̀ kì í bá a rẹ́rìn-ín sí i. Yóò kàn dá a lóhùn pé, "Ẹ dúpẹ́ pé ẹ kì í ṣe ìwé. Ká ní ìwé ni yín ni, ẹ ò bá ti mọ ibi tí gíláàsì ojú yín wà látàárọ̀."

Ìyá Olóǹtẹ̀ kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níjọ́ ìkómọ. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ọ́fíìsì àwọn lọ́yà kan ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú ilé alájà kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ máa ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn. Yàrá tó kángun sẹ́yìn ni tirẹ̀: tábìlì gbọọrọ kan, fáànù kan tó ń mi orí bí ẹni tí kò gba ohun tí a sọ gbọ́, àti fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìn ilé ẹlòmíràn. Iṣẹ́ náà rọrùn láti sọ lẹ́nu. Gbogbo ìwé tí àwọn lọ́yà bá fẹ́ kó lọ sí kóòtù, òun ni yóò lu nọ́ńbà sí wọn lára, ojú ewé kan lẹ́yìn èkejì, ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kí ó lè jẹ́ pé bí lọ́yà bá ní "Ẹ ṣí ojú ewé ogún," gbogbo ilé ẹjọ́ yóò jọ ṣí ibì kan náà. Bí kò bá sí nọ́ńbà, adájọ́ á wà níbẹ̀rẹ̀, lọ́yà á wà láàárín, ẹlẹ́rìí á sì ti sùn lọ.

Àwọn tí kò mọ̀ rò pé òǹtẹ̀ tó ń lò kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń lù sórí lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe. Irin ni tirẹ̀, ó wúwo, ó ní orí roboto tí a fi ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ní àwọn kẹ̀kẹ́ wínníwínní nínú tí a gbẹ́ nọ́ńbà sí lára. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á lu ení. Gbé e sókè, á yí ara rẹ̀ sí èjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. "Kò dà bí ọmọ aráyé," ni Ìyá Olóǹtẹ̀ máa ń wí, "tí a ó máa pariwo lé lórí kó tó sún." Ó fẹ́ràn ẹ̀rọ náà débi pé kì í fi í sílẹ̀ lọ́fíìsì. Bí ó bá ń lọ sílé, á wé e sínú aṣọ ìnuwọ́, á gbé e sínú báàgì rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ jòjòló.

Òfin méjì ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri lókè tábìlì. Èkíní: OJÚ MI KÌ Í KA ÌWÉ ẸLẸ́JỌ́. Ó ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya, ọ̀rọ̀ ogún àti ọ̀rọ̀ ààlà ilé tó ń gba iwájú òun kọjá tó ohun tó lè da àdúgbò mẹ́wàá rú, nítorí náà igun ìsàlẹ̀ nìkan ni ojú òun mọ̀. Èkejì: OHUN TÍ A BÁ TI LÙ, A KÌ Í YỌ. Ìdí ni pé bí nọ́ńbà bá fo láti ogún bọ́ sí èjìlélógún, lọ́yà kejì yóò dìde pé wọ́n ti fi ìwé kan pamọ́, ẹjọ́ á sì bímọ. Àwọn lọ́yà kéékèèké máa ń wá bẹ̀ ẹ́ pé, "Màmá, ẹ bá wa yọ ẹyọ kan péré, a ṣèèṣì fi í sí i ni." Kò ní gbé ojú sókè. Á ní, "Èjí yẹ ẹnu, kò yẹ ìdìpọ̀ ìwé." Bí ẹni náà bá tún dúró, á ní kó ka ògiri.

Báyìí ni obìnrin náà wà títí tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi ya àwòrán.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọbìnrin yìí. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, iṣẹ́ kì í sì jẹ́ kó dúró sílé, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìyá àgbà àti bàbá àgbà ni ọmọ náà ń gbé. Eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni, àyè sì là sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí fèrèsé tí a ṣí sílẹ̀. Tíṣà wọn ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi pẹ́ńsù ya iṣẹ́ tí ẹnì kan ń ṣe nílé wọn, kí wọ́n sì mú un wá ní ọjọ́ Ẹtì tí sáà máa parí, kí òun gbé e kọ́ sára ògiri kíláàsì fún àwọn òbí láti wò. Ọmọ náà kò jẹ́ kó pẹ́. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí sáà parí tó ti ya tirẹ̀ tán.

"Màmá àgbà, ẹ wo ara yín."

Ìyá Olóǹtẹ̀ gbé gíláàsì wọjú. Ilé kan wà níbẹ̀, ó sún mọ́ ògiri gígùn kan. Igi kan wà, oòrùn kan tó ní irun gágá-gàgà, àti ajá kan tí ìrù rẹ̀ rìn láti àárín ìwé dé igun ìsàlẹ̀. Lẹ́bàá ògiri ni ènìyàn kan dúró sí tí orí rẹ̀ tóbi ju ilé lọ. Ó na ọwọ́ sókè, ohun kan bí òòlù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èwo ni èmi níbẹ̀?"

"Olórí ńlá."

"Kí ló fẹ orí mi tó báyìí?"

"Kì í ṣe orí. Irun yín ni."

"Òòlù wo ni mo wá gbé?"

"Ẹ̀rọ nọ́ńbà yín ni. Ẹ ń lu nọ́ńbà."

"A ò ní ajá nílé yìí."

"Mo mọ̀," ni ọmọ náà wí. "Ó ń bọ̀."

Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín lórí àga rẹ̀ títí ikọ́ fi mú un. Ọmọ náà ní kí ìyá àgbà bá òun lu nọ́ńbà kan sí i, kó lè dà bí ìwé àwọn àgbàlagbà. Ìyá Olóǹtẹ̀ mi orí. "Nọ́ńbà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìwé tó ń lọ sí kóòtù nìkan ló tọ́ sí." Ohun tó ń dùn ún nípa ìwé náà yàtọ̀ sí èyí. Ọmọ náà ti ká a bí ẹní, ó sì kọ̀ láti tẹ́. Bí a bá fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, á tún ká ara rẹ̀ jọ. Tíṣà sì ti sọ pé ìwé tó bá ká tàbí tó bá rún kò ní gun ògiri òun.

"Fi í sílẹ̀ fún mi," ni ìyá àgbà wí. "Màá fi àwọn ìwé òfin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ́fíìsì. Kí ọjọ́ Ẹtì yẹn tó dé, á tẹ́ bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù kọjá lórí rẹ̀."

"Ẹ ò ní sọ ọ́ nù?"

"Èmi? Ṣé o ti gbọ́ pé ìwé sọnù lọ́wọ́ mi rí?"

Ọmọ náà ronú sí i, ó ní òun kò gbọ́ ọ rí.

"Ẹ rọra o," ni bàbá àgbà wí. "Ẹyin lọ̀rọ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá náà dé ọ́fíìsì, ó wo tábìlì rẹ̀. Apá òsì ni ti ìwé tó ń dúró de òǹtẹ̀, apá ọ̀tún ni ti èyí tó ti gbà á. Gbogbo ọ́fíìsì ló mọ ìlànà yìí bí wọ́n ṣe mọ orúkọ ara wọn, torí èébú ni ìyá náà fi kì í bọ̀ wọ́n létí. Lọ́jọ́ náà, apá ọ̀tún kún. Ní apá òsì, ìwé díẹ̀ wà nílẹ̀, ìwé òfin mẹ́ta tó nípọn sì wà lórí wọn kí fáànù má bàa fẹ́ wọn. Ìyá Olóǹtẹ̀ gbé ìwé òfin mẹ́ta náà sókè, ó tẹ́ àwòrán sí abẹ́ wọn, ó gbé wọn padà. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni Lọ́yà Àgbà, ọ̀gá wọn, pè é láti yàrá iwájú pé kó wá bá òun wá fáìlì kan. Nígbà tí yóò fi padà, lọ́yà kékeré kan ti wá gbé ìyókù ìwé náà lé e lórí, ó sì ti dá àwọn ìwé òfin padà sí igun tábìlì tí wọ́n máa ń wà, bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́.

Ìwé ẹjọ́ ògiri ni wọ́n. Obìnrin télọ̀ kan àti ọkùnrin wẹ́dà kan tó ń jó irin mọ́ irin jọ pín ààlà, ògiri tó wà láàárín wọn sì wó. Wẹ́dà ní télọ̀ ló gbé òòlù ti ògiri náà kí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lè fẹ̀ sí i. Télọ̀ ní irọ́ ni, irin tí wẹ́dà ń tò ti ògiri láti ọdún yìí wá ló wó o. Bí kóòtù bá gba ti wẹ́dà gbọ́, télọ̀ ni yóò tún ògiri mọ, kò sì ní ṣí ṣọ́ọ̀bù títí yóò fi mọ ọ́n tán. Lọ́yà Àgbà ló ń gbẹjọ́ télọ̀ rò.

Ìyá Olóǹtẹ̀ jókòó, ó fa àga mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀. Tẹ̀, gbé, ṣí. Tẹ̀, gbé, ṣí. Orin ni lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó dé àárín, ó rí nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí okùn ní igun tí òǹtẹ̀ máa ń bà sí. Nítorí pé a kì í fi nọ́ńbà bo ohunkóhun tó wà lójú ìwé, ó sún òǹtẹ̀ sókè díẹ̀, ó lù ú, ó ṣí i kọjá. Ó tilẹ̀ dùn mọ́ ọn nínú pé ojú òun mú tó bẹ́ẹ̀. Ìrù ajá ló yẹra fún.

Wọ́n da ìdìpọ̀ náà kọ, wọ́n gbé ọ̀kan lọ sí kóòtù, wọ́n fún lọ́yà kejì ní ọ̀kan, ọ̀kan sì kù sílẹ̀ lọ́fíìsì. Lọ́yà Àgbà fọwọ́ sí i láìtún un ṣí wò. Ó ní ohun tó bá ti gba ọwọ́ Ìyá Olóǹtẹ̀ kọjá, yíyẹ̀ ẹ́ wò dà bí ìgbà tí ènìyàn ń yẹ aago wò pé ṣé ó mọ àkókò.

Lálaalẹ́ ni ọmọ náà ń béèrè pé ṣé ó ti tẹ́. Ìyá àgbà á ní ó ń tẹ́ lọ́wọ́, pé ìwé kì í tẹ́ lọ́jọ́ kan. Kò gbé àwọn ìwé òfin wò. Kí ló fẹ́ wò níbẹ̀? Ó mọ ibi tó fi í sí.

Ọjọ́rú tí ẹjọ́ ku ọ̀la ló tó gbé wọn. Kò sí nǹkan lábẹ́ wọn àfi tábìlì.

Ó wo abẹ́ àga. Ó wo ẹ̀yìn fèrèsé. Ó tú apá ọ̀tún, ó tún un tò. Lẹ́yìn náà ló kọjá sí yàrá kejì, níbi tí ọkùnrin sísanra tó ń da ìwé kọ fún wọn ti ń jẹ búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Onífọ́tòkọ́pì ni gbogbo wọn ń pè é.

"Ìwọ," ni Ìyá Olóǹtẹ̀ wí, "ìwọ lo máa ń fi ìwé olówó wé búrẹ́dì. Níbo lo kó ìwé tó wà lábẹ́ ìwé òfin mi sí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Irú ìwé wo ni?"

"Àwòrán. Àwòrán ọmọdé."

Onífọ́tòkọ́pì rọra gbé búrẹ́dì sílẹ̀. "Ṣé ajá wà níbẹ̀?"

"Ajá wà níbẹ̀."

"Ìrù rẹ̀ ńkọ́, ó gùn?"

Ìyá Olóǹtẹ̀ wò ó. "Ó gùn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Níbo lo ti rí i?"

"Nínú ìdìpọ̀ ẹjọ́ ògiri. Mo rò pé ajá ẹlẹ́jọ́ ni."

"O rí i, o sì dákẹ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí ojú wa má ka ìwé ẹlẹ́jọ́. Ó wà lára ògiri yín."

Wọ́n padà sí yàrá ìyá náà, wọ́n jọ ṣí ìdìpọ̀ tó kù lọ́fíìsì. Ojú ewé ogójì jẹ́ àwòrán ilé tí ẹlẹ́rìí kan yà, kí ilé ẹjọ́ lè mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Ojú ewé kejìlélógójì náà jẹ́ irú rẹ̀. Láàárín wọn, olórí ńlá gbé òòlù rẹ̀ sókè lẹ́bàá ògiri, nọ́ńbà kọkànlélógójì sì jókòó lókè ìrù ajá, ó mọ́ kedere, kò wọ́ rárá. Òǹtẹ̀ tó dára ni, ìyẹn ló tún jẹ́ kó burú.

Onífọ́tòkọ́pì fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo òfin tó wà lára ògiri. "Ẹ̀gbọ́n, bí a bá rọra yọ ọ́ nínú tiwa…"

"Ẹni méjì mìíràn ti ní in lọ́wọ́. Yíyọ tiwa á wá di kí ni?"

"Èjí yẹ ẹnu…"

"Pa ẹnu rẹ dé."

Ohun tó yẹ kó ṣe ni pé kó lọ bá Lọ́yà Àgbà. Ó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, ó ní ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀gá kò sọ̀rọ̀ lórí nǹkan kan, ó sì tún padà. Gbogbo àwọn tó ti ní kí wọ́n ka ògiri ló ń rí lójú inú rẹ̀, tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí ìwé, tí wọ́n ń dúró de ọjọ́ yìí. Ó pinnu pé òun yóò yanjú rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ní òwúrọ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni jókòó.

Nílé lálẹ́, ọmọ náà gbé ojú sókè. "Ó ti tẹ́?"

"Ó ti tẹ́." Irọ́ kọ́, ó tẹ́ dáadáa.

"Ẹ máa mú un bọ̀ lọ́la? Ọ̀tunla ni ọjọ́ Ẹtì."

"Lọ́la," ni ìyá àgbà wí. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, àyè eyín rẹ̀ sì ń wo ìyá náà títí oúnjẹ fi tán nínú abọ́.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ìyá Olóǹtẹ̀ ti wà níwájú akọ̀wé kóòtù kí wọ́n tó nu àga tán. Akọ̀wé yìí, ọkùnrin tínínrín kan, ni ó máa ń gba ìdìpọ̀ ìwé lọ́wọ́ gbogbo ọ́fíìsì. Kò sí ìgbà tí Ìyá Olóǹtẹ̀ kì í bá a wí pé ó ń to ìwé bí ẹni to igi ìdáná.

"Màmá, ẹ tètè dé lónìí. Kí la ṣe tí kò tọ̀nà?"

"Kò sí o. Ojú ewé kan ni mo fẹ́ gbà padà nínú ẹjọ́ ògiri. Ẹyọ kan péré ni. A ṣèèṣì fi í sí i ni."

Akọ̀wé kóòtù gbé bírò sílẹ̀. Ó dà bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ aládùn síwájú rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

"Mo ní ẹyọ kan péré."

"Ọjọ́ tí mo bẹ̀ yín irú ẹ̀bẹ̀ yìí, kí lẹ sọ fún mi?"

Ìyá náà wo ilẹ̀. "Ohun tí a bá ti lù…"

"Ẹ parí ẹ̀."

"…a kì í yọ."

"Ẹ ṣeun." Ó mú bírò rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. "Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ o. Agbára mi ni kò ká a. Adájọ́ nìkan ló lè ní kí a yọ ọ́, bí ẹnì kan bá dìde béèrè."

Nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́, Ìyá Olóǹtẹ̀ jókòó sẹ́yìn Lọ́yà Àgbà bí ìṣe rẹ̀, láti máa bá a ṣí ojú ewé. Ó ń gbàdúrà pé kí lọ́yà kejì jẹ́ ọ̀lẹ. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ènìyàn kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ ló ga. Ó dojú kọ télọ̀ nínú àpótí ẹlẹ́rìí.

"Ẹ bá mi ṣí ojú ewé kọkànlélógójì, nínú ìwé tí lọ́yà tiyín kó wá fúnra rẹ̀. Ṣé ilé nìyí?"

Télọ̀ wò ó, ó yí ìwé, ó tún un yí. "Ó jọ ilé."

"Eléyìí ńkọ́, ṣé ògiri ni?"

"Ó jọ ògiri."

"Ta ni ẹni tó dúró ti ògiri náà, tó gbé òòlù sókè?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Orí rẹ̀ ti tóbi jù."

"Roboto onírun tó wà lókè yìí, ṣé kì í ṣe kànga yín nìyẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n lọ́yà, kànga kì í wà lókè igi."

Ẹ̀rín pa àwọn tó jókòó. Lọ́yà kejì kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí adájọ́, obìnrin àgbàlagbà kan tó fara balẹ̀. "Olúwa mi, ohun tí mo fẹ́ kí ilé ẹjọ́ rí kò ju ìyẹn lọ. Àwọn fúnra wọn ló ya ẹni tó fi òòlù wó ògiri, wọ́n sì lu nọ́ńbà sí i."

Lọ́yà Àgbà kò rí àwòrán yìí rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́yà kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ó fò dìde. "Olúwa mi, ọ̀rẹ́ mi ṣi nǹkan mú. Ìyẹn kì í ṣe òòlù. Abẹ́bẹ̀ ni. Ẹni náà ń fẹ́ ara rẹ̀. Oòrùn mú, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti rí i." Ìyá Olóǹtẹ̀ fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn, ọ̀gá rẹ̀ já aṣọ náà gbà.

Wẹ́dà, tó ti ń na ọrùn wo ìwé láti ìgbà yìí, gbé ọwọ́ sókè níbi tó jókòó sí. "Olúwa mi, ajá yẹn, tèmi ni. Ó ti sọnù lọ́wọ́ mi láti ọdún tó kọjá. Mo fẹ́ kí télọ̀ ṣàlàyé bó ṣe dé ọgbà rẹ̀."

"Ajá wo?" ni télọ̀ wí. "Ìwọ lo mọ ibi tí o pa ajá ẹ sí."

Adájọ́ kan tábìlì. Ìyá Olóǹtẹ̀ wo télọ̀. Òógùn ti bo ojú obìnrin náà, ó ṣì ń yí ìwé, ó ń wá orúkọ tí yóò fún olórí ńlá. Bí a bá dá a lẹ́bi lórí ojú ewé yìí, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni yóò tì. Ìyá náà dìde.

"Olúwa mi, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni."

"Ẹ jókòó," ni Lọ́yà Àgbà sọ lábẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀yin ni kí ni?" ni adájọ́ béèrè.

"Èmi ni ẹni tó gbé òòlù. Kì í sì ṣe òòlù. Kì í ṣe abẹ́bẹ̀ náà, ọ̀gá mi, ẹ má bínú. Ọmọ-ọmọ mi ló yà mí níbi iṣẹ́. Mo fi í sí apá òsì tábìlì mi, apá tí kò yẹ kí n fi í sí, mo sì lu nọ́ńbà sí i láìwò ó. Kò kan télọ̀. Kò kan ògiri ẹnikẹ́ni."

Adájọ́ bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Kí wá ni ẹ gbé lọ́wọ́?"

Ìyá Olóǹtẹ̀ tú aṣọ ìnuwọ́ nínú báàgì rẹ̀, ó mú ẹ̀rọ nọ́ńbà jáde, ó gbé e sókè kí adájọ́ lè rí i. Bó ṣe dúró, ọwọ́ lókè, irun rẹ̀ tí kò ráyè yà ní àárọ̀ náà dúró gbandi lórí rẹ̀. Adájọ́ wo àwòrán, ó wò ó, ó tún wo àwòrán. Akọ̀wé kóòtù ti fi ìwé bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Orí yín kò tóbi tó báyìí," ni adájọ́ wí.

"Irun ni, Olúwa mi."

"Ajá ńkọ́?"

"A ò ní ajá. Ọmọ náà ní ó ń bọ̀."

Ẹ̀gbẹ́ télọ̀ ni ẹ̀rín ti kọ́kọ́ bú, ó dé ọ̀dọ̀ lọ́yà kejì, ó wá borí adájọ́ fúnra rẹ̀. Wẹ́dà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ajá òun kúkú nìyẹn, bí ẹ bá fẹ́, bí ẹ bá kọ̀.

Adájọ́ ní kí wọ́n yọ ojú ewé náà nínú ìdìpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n sì fi ìwé mìíràn dípò rẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ilé ẹjọ́ ló pàṣẹ kí èyí tó wà níbẹ̀ kúrò, kí ó gba nọ́ńbà kan náà, kí àyè má bàa ṣófo. "Ẹ bá wa fi eyín àtọwọ́dá sí i," ni ó wí. Ìyá Olóǹtẹ̀ fi abẹ́rẹ́ yí kẹ̀kẹ́ inú ẹ̀rọ rẹ̀ padà sẹ́yìn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ń ṣe é bí ẹni tó ń fa ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀. Adájọ́ fi kún un pé láti ọjọ́ náà lọ, kó máa fi ojú wo ìwé kó tó lù ú.

"Ojú kan, Olúwa mi."

"Méjèèjì."

Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, wọn kò sì tíì parí rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ yìí. Ní orí àtẹ̀gùn kóòtù, Lọ́yà Àgbà bá ìyá náà sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ ti mọ̀ láti àná."

"Mo ti mọ̀, sà."

"Kí ló wá dé tí ẹ jẹ́ kí n dúró níwájú ayé pe òòlù ní abẹ́bẹ̀?"

"Ẹ̀rù yín bà mí, sà."

Ó dúró. Ó wò ó pé bóyá ó ń ṣe àwàdà. "Ẹ̀rù mi? Ẹ̀rù yín ni èmi náà fi ń fọwọ́ sí ìwé láìwò." Wọ́n wo ara wọn lórí àtẹ̀gùn náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kóòtù ni ìyá náà ti lọ sílé tààrà pẹ̀lú àwòrán tí akọ̀wé yọ fún un. Ọmọ náà gba àwòrán rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ ra á bóyá ó tẹ́. Ó tẹ́. Lẹ́yìn náà ló rí nọ́ńbà lókè ìrù ajá. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí òǹtẹ̀ pupa kóòtù àti ìfọwọ́sí akọ̀wé. Ẹnu rẹ̀ là.

"Màmá àgbà, ẹ ní nọ́ńbà kì í ṣe ọ̀ṣọ́."

"Kì í ṣe ọ̀ṣọ́."

"Ẹ ní ìwé tó ń lọ sí kóòtù nìkan ló tọ́ sí."

"Ó ti lọ sí kóòtù. Ibẹ̀ ló ti ń bọ̀."

"Ajá mi dé kóòtù?"

"Ọkùnrin kan tilẹ̀ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wa," ni Ìyá Olóǹtẹ̀ wí. Bàbá àgbà, tí kò mọ ohun tó ń lọ, pa rédíò. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má sì fo ojú ewé kankan. Ìyàwó rẹ̀ rò ó fún un, ó sọ ti apá òsì, ó sọ ti abẹ́bẹ̀, ó sọ ti akọ̀wé pẹ̀lú, kò yọ nǹkan kan.

Kí ó tó parí, ọmọ náà ti ya òmíràn. Ó gbé e wá síwájú rẹ̀. "Ẹ lù ú sí i. Ó kan èjìlélógójì. A kì í fo nọ́ńbà."

Ìyá àgbà tú ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú aṣọ. Lẹ́yìn tó ti lu ọ̀kànlélógójì ìkẹyìn ní kóòtù, ó ti yí ara rẹ̀ sí èjìlélógójì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ó gbé gíláàsì wọjú. Ó ka àwòrán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀: obìnrin kan tó jókòó sórí àga gíga, olórí ńlá tó na ọwọ́ sókè, ajá tó ti sún mọ́ ilé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó yí i, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tún un yí padà.

"Níbo ni kí n lù ú sí?" ni ó béèrè.

Ọmọ náà fi ìka tọ́ igun kan. "Ibi tí ìrù ò dé."